Ẹ MÁ FI AJÁ KÉKERÉ TÍ KÒ NÍ KÁÀDÌ RÁNṢẸ́ SÍ ÌYÁ YÍN NÍ IFẸ̀WÀRÀ

*Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀. Ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.*

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru la sọ kẹ́yìn, mo sì ṣèlérí pé àtọ̀gbẹ ló kàn. Ẹ jẹ́ kí àtọ̀gbẹ dúró díẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ ajá ló wà nílẹ̀, inú sì ń bí mi.

Kì í ṣe ajá ọdẹ tó ń lé ọ̀yà kiri oko kòkó ni mò ń bá wí. Ajá kékeré onírun púpọ̀ yìí ni, èyí tí ajá òyìnbó àti ajá ilé wa jọ bí, tí àwọn ọmọ ń pè ní "cross", tó ń jókòó lórí àga bí àlejò pàtàkì. Tẹ́lẹ̀, ẹ lè rìn yí Ifẹ̀wàrà ká kẹ́ ẹ má rí ẹyọ kan. Ní báyìí, àdúgbò wo ni kò sí? Mo wádìí ibi tí wọ́n ti ń wá. Ọmọ wa kan á rà á ní Èkó, á máa ya fọ́tò rẹ̀ sórí sítátọ́ọ̀sì. Kò ní pẹ́, físà á dé. Ajá ò lè bá wọn lọ, wọn ò sì fẹ́ kí wọ́n rí i pé àwọn sọ ọ́ sí títì. Fóònù á dún nílé: "Màámi, mò ń fi Snow ránṣẹ́ sí yín o, ó máa bá yín ṣeré." Dírẹ́bà á gbé e sínú páálí, á já a sí gáréèjì. Màámi á gba ajá, á gba oúnjẹ ajá inú ọ̀rá tí kò ní pé ọ̀sẹ̀ méjì, á gba ẹ̀wọ̀n ọrùn aláràbarà. Káàdì abẹ́rẹ́ ńkọ́? Kò sí. Tí ẹ bá béèrè, wọ́n á ní, "Ẹni tó tà á fún mi ní ó ti gba gbogbo ẹ̀."

Irú ajá bẹ́ẹ̀ kan ló bu ọmọ ọdún mẹ́fà jẹ ní àdúgbò mi. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ti bù ú jẹ. Àwọn méjèèjì jọ ń jẹ bisikíìtì ni, ọmọ fẹ́ gba tirẹ̀ padà. Kí wọ́n tó pè mí, ìyá àgbà ti fi epo pupa kun ojú ọgbẹ́. Bàbá kan ti mú àdá dání, ó ní kí a pa ajá náà, kí a yọ ẹ̀dọ̀ rẹ̀, kí a sun ún fún ọmọ jẹ, pé oògùn rẹ̀ láti ayébáyé nìyẹn. Ẹlòmíràn ń rẹ́rìn-ín, ó ní ajá tí kò ju ológbò lọ yìí, kí ló fẹ́ fi èèyàn ṣe?

Mo ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ajá. Mo gbé ọmọ lọ sídìí ẹ̀rọ omi, mo fi ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́ lábẹ́ omi tó ń ṣàn, mo sì ń wo aago: ìṣẹ́jú 15 gbáko. Ọmọ ń ké, àwọn èèyàn ń bú mi pé mo fẹ́ fi omi pa á. Lẹ́yìn náà la gun ọ̀kadà. Ibi àkọ́kọ́ tí a dé, wọn ò ní abẹ́rẹ́ rárá. Ibi kejì ní ká lọ rà á wá níta. Ilẹ̀ ti ṣú kí a tó rí àkọ́kọ́ gún. Owó tí ìdílé náà ná lórí ọmọ kan ṣoṣo yẹn ì bá fún gbogbo ajá àdúgbò wa ní abẹ́rẹ́, kó sì ṣẹ́kù.

A so ajá mọ́lẹ̀, à ń fún un lóúnjẹ àti omi, à ń ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Kí nìdí? Ajá tí kòkòrò àrùn dìgbòlugi bá ti wà nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó bu èèyàn jẹ kò ní lè bo àìsàn náà mọ́lẹ̀ kọjá ọjọ́ mẹ́wàá. Á hùwà òdì, tàbí kó kú. Tó bá pé ọjọ́ mẹ́wàá tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ọkàn balẹ̀. Ẹni tó bá sáré pa á lójú ẹsẹ̀, ẹlẹ́rìí ló pa. Ẹ sì má torí pé ẹ̀ ń ṣọ́ ajá kẹ́ ẹ wá dúró de ọjọ́ mẹ́wàá kẹ́ ẹ tó gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ o. Ọjọ́ tó bù ú jẹ gan-an ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, oorun kọ̀, kò wá. Mo dìde, mo ṣí dúrọ́ọ̀, mo mú káàdì ajá tèmi jáde. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi náà ní ọ̀kan, abo pupa kékeré tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Lhasa, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ajá ìgboro. Oṣù méje ti kọjá lórí ọjọ́ tó yẹ kó gba abẹ́rẹ́ mìíràn. Èmi Nọ́ọ̀sì, tí mo ti lo ọdún lọ́nà iṣẹ́ ìlera kí n tó fẹ̀yìn tì. Nítorí náà, tí ẹ bá rò pé ẹ̀yin nìkan ni mò ń bá wí, ẹ̀ẹ́ rí i pé mo ti kọ́kọ́ na ara mi.

Ọjọ́ kẹwàá pé, ajá ń fò káàkiri, ọmọ náà wà ní àlàáfíà. Ẹ bá wa dúpẹ́. Ṣùgbọ́n orí ló yọ wá, kì í ṣe ọgbọ́n.

Ẹ jẹ́ ká sọ bí àrùn yìí ṣe ń ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ lè mọ ìdí tí ẹ̀rù fi ń bà mí. Inú itọ́ ni kòkòrò rẹ̀ ń gbé. Bí ajá bá bu èèyàn jẹ, tàbí tó lá ojú ọgbẹ́ tàbí ẹnu ọmọ, ó ti ríbi wọlé. Kì í gba inú ẹ̀jẹ̀ rìn bí ibà. Iṣan tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí gbogbo ara ló ń gùn díẹ̀díẹ̀ títí á fi dé orí. Ó lè gbà á ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan, oṣù méjì sí mẹ́ta ló wọ́pọ̀ jù, nígbà mìíràn ó ń tó ọdún kan. Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ẹ mọ òṣómàáló. Aṣọ ti gbó lọ́rùn ẹ, o ti gbàgbé gbèsè, ó wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ láàárọ̀ kùtù. Bí dìgbòlugi ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn. Ọgbẹ́ ti san, àpá ti fẹ́ pa rẹ́, ìgbà náà ni omi á bẹ̀rẹ̀ sí í ba aláìsàn lẹ́rù, tí atẹ́gùn lásán á máa mú un gbọ̀n. Tó bá ti dé ibẹ̀, kò sí ilé ìwòsàn tó lè ṣèlérí fún yín, ì báà ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìwọ̀nba èèyàn tó là á já láyé yìí, ẹ lè fi ọwọ́ kà wọ́n.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí 59,000 èèyàn ló ń pa lọ́dọọdún, Áfíríkà àti Éṣíà sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wà. Nínú èèyàn mẹ́wàá tó ń pa, mẹ́rin jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15. Nínú 100 tó kó o, ajá ló kó o ran 99. Bẹ́ẹ̀, láti ọjọ́ 6, oṣù Keje, ọdún 1885, tí Louis Pasteur ti fún Joseph Meister, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí ajá dìgbòlugi bù jẹ, ní abẹ́rẹ́ ní Faransé, tí ọmọ náà sì yè, ayé ti mọ ohun tó yẹ kí a ṣe. Nílé wa níbí, ilé ìwádìí àrùn ẹranko tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní Vom, ní Ìpínlẹ̀ Plateau, ti wà láti ọdún 1924, wọ́n sì ń ṣe abẹ́rẹ́ yìí fún ajá. Kì í ṣe ohun àràmàǹdà.

Ẹ wá gbọ́ àwíjàre tí wọ́n ń bá mi wí.

"Ajá kékeré ni, inú ilé ló ń gbé." Dìgbòlugi kì í wọn ajá kó tó wọ inú rẹ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí géètì bá ṣí, tó bá sá jáde pàdé ajá ìgboro lórí ààtàn, ó tó. Àti pé kékeré rẹ̀ gan-an ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ le. Ajá ńlá, ọmọ ń bẹ̀rù rẹ̀, ẹsẹ̀ ló sábà máa ń bù jẹ. Ajá kékeré, àyà ọmọ ló ń sùn, ẹnu rẹ̀ kò jìnnà sí ojú ọmọ. Mo sì ti sọ pé orí ni àrùn yìí ń lọ. Láti ẹsẹ̀ dé orí, ọ̀nà jìn. Láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ dé orí ńkọ́?

"Ó ti gba gbogbo abẹ́rẹ́." Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi àkọ́kọ́, ìgbà tí ajá bá pé oṣù mẹ́ta ni wọ́n ń gún un. Àwọn tó kù, èyí tó ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ parvo tó ń mú ọmọ ajá yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ kó tó pa á, wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bó bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, wọ́n á sì máa tún un gún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin síra títí á fi tó ọ̀sẹ̀ 16. Báwo wá ni ọmọ ajá ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí wọ́n gbé wá nínú páálí bàtà ṣe gba "gbogbo ẹ̀"? Irọ́ ni. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ má ra nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Káàdì gidi máa ń ní ọjọ́, ó máa ń ní bébà pélébé tí wọ́n ṣí lára ìgò abẹ́rẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn, ó máa ń ní orúkọ àti òǹtẹ̀ dókítà ẹranko. Ẹ pe dókítà náà. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnì kan tó ń gbé abẹ́rẹ́ kiri nínú ọ̀rá lábẹ́ oòrùn gún ajá yín. Inú fíríìjì ni abẹ́rẹ́ yẹn ń gbé. Tí kò bá tutù mọ́, omi lásán lẹ sanwó fún.

"Cross kì í ṣàìsàn, irun rẹ̀ kì í sì í yọ onímáàsímà lẹ́nu." Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹni tó ń tà á. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀ pé ẹ̀jẹ̀ méjì tó pàdé lè dín àléébù tó wà nínú ìran ajá kan kù. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè bá yín dá a lójú. Ní 1989, ọkùnrin kan ní Ọsirélíà, Wally Conron, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ajá tó ń mú afọ́jú rìn, da Labrador pọ̀ mọ́ Poodle nítorí obìnrin afọ́jú kan tí irun ajá kò bá ọkọ rẹ̀ lára mu. Ọmọ mẹ́ta ni ajá náà bí. Ọ̀kan péré ló bá ọkọ obìnrin náà lára mu. Ìyá kan náà, bàbá kan náà, ọjọ́ kan náà! Nígbà tó yá, ọkùnrin yẹn gan-an sọ fún gbogbo ayé pé òun kábàámọ̀, nítorí àwọn tó ń fi orúkọ "cross" pawó láìbojú wo ìlera ajá. Ohun tó ń dí onímáàsímà lọ́fun, itọ́ ajá àti èérún awọ ara rẹ̀ ló ti ń wá, kì í ṣe gígùn irun. Tí ásímà bá wà nínú ilé yín, ẹ lọ jókòó ti ajá náà ní wákàtí méjì ná kẹ́ ẹ tó sanwó.

Èyí tó bí mi nínú jù ni bí wọ́n ṣe ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹ̀jẹ̀ ajá ilé wa tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n á ní, "Ẹ má wo ti bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò." Ará mi, ti bàbá rẹ̀ ló jẹ́ kó wà láàyè! Òkè olótùútù ní Tibet ni Lhasa ti ṣẹ̀ wá. Ẹ̀wù òtútù ló wọ̀ dé inú ooru oṣù Kejì wa. Ajá ilé wa ti bá eégbọn àti ooru jà láti ìrandíran. Ìwádìí kan tó jáde ní 2018, tí wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ ajá ìbílẹ̀ Nàìjíríà wò, rí àmì pé ara wọn ti kọ́ bí a ti ń kojú àwọn kòkòrò àrùn ilẹ̀ olóoru. Láyé àtijọ́, àwọn bàbá wa ń sọ ajá lórúkọ tó jẹ́ òwe, tí wọ́n fi ń bá aládùúgbò tó ń ṣe ìlara sọ̀rọ̀. Ní báyìí, Snow ni ajá ń jẹ́ níbi tí yìnyín kò ti bọ́ rí.

Nítorí náà, tí ẹ bá fẹ́ ajá kékeré, mi ò ní kẹ́ ẹ má ní in. Àgbà tó dá wà nílé, tí ọmọ rẹ̀ ti lọ, ajá dára fún un. Ó ń jẹ́ kó dìde, kó rìn, kó rí ẹni bá wí. Ṣùgbọ́n ẹ wá èyí tí ẹ lè lọ wo ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń fún un lọ́mú. Tí ìyá bá ń gbọ̀n tàbí tó ń fẹ́ bu gbogbo ẹni tó wọlé jẹ, ẹ padà sílé. Kó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ó kéré tán. Ẹ wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń ṣepin, ẹ gbé ìrù rẹ̀ sókè bóyá ìdí mọ́, ẹ wo ikùn: èyí tó wú bí ìlù lẹ́yìn tó tinrín, aràn ló kún un, aràn yẹn sì lè ran ọmọ yín. Ẹ yẹra fún èyí tí imú rẹ̀ wọlé pátápátá, tó ń han bó ti ń mí. Àánú rẹ̀ á ṣe yín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ajá kékeré lè lo ọdún 12 sí 15. Ẹni tó ti ń wá físà, kí ló fẹ́ fi ajá ọdún 15 ṣe?

Lórí ìtọ́jú, àwọn ohun tí mo ń rí lójú mi nìkan ni màá sọ. Ẹ yé da ọ̀tápíápíá sára ajá nítorí eégbọn. Májèlé ni, á fi ahọ́n lá a, ajá kékeré kò sì nílò púpọ̀ kó tó kú. Ọmọ tó bá gbá a mọ́ra náà á gba tirẹ̀. Ẹ́ńjìn ọ́ìlì dúdú tí ẹ ń fi pa á nítorí ara yíyún, mọ́tò ló ni ín. Ẹ fi ọwọ́ tú irun rẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ yọ eégbọn kúrò ní etí àti àárín ọmọ ìka, kẹ́ ẹ béèrè oògùn eégbọn lọ́wọ́ dókítà ẹranko. Parasitamọ́ọ̀lù tẹ́ ẹ ń lò fún ẹ̀fọ́rí lè ba ẹ̀dọ̀ ajá jẹ́. Àlùbọ́sà inú ọbẹ̀ àṣẹ́kù ń ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́, egungun adìyẹ tó ti jinná ń fọ́ ṣóńṣó nínú ìfun rẹ̀. Ìrẹsì, ẹja, ẹyin sísè láìsí ata àti àlùbọ́sà tó o. Kí omi má gbẹ nínú abọ́ rẹ̀. Ẹ ge irun rẹ̀ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó mú. Ẹ má so ó sábẹ́ páànù lọ́sàn-án. Tí abo bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ má jẹ́ kí akọ ńlá gùn ún. Ọmọ lè tóbi ju ọ̀nà lọ, wọ́n á sì gbé ìyá tọmọ sin.

Ọ̀kan kù tó ń dùn mí. Tí ajá bá bẹ̀rẹ̀ sí í da itọ́, tó ń rìn gbéregbère, tàbí tí ohùn rẹ̀ yí padà, àwọn kan ń sáré tà á fún alájápa kó tó kú sí wọn lọ́wọ́. Ẹni tó máa kun ún, itọ́ àti ọpọlọ rẹ̀ ló fẹ́ fọwọ́ kó yẹn. Ẹ tì í mọ́lé, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ pe dókítà ẹranko ìjọba ìbílẹ̀ ní Òṣú.

Àwọn onímọ̀ sọ pé tí a bá fún ajá 70 nínú 100 ní abẹ́rẹ́ ní ìlú kan, dìgbòlugi kò ní rí ọ̀nà gbà kọjá mọ́. Ifẹ̀wàrà kò tóbi jù fún èyí. Mo ti bá dókítà ẹranko kan sọ̀rọ̀, ó ní òun á gbé abẹ́rẹ́ wá nínú kúlà oníyìnyín ní ọjọ́ Sátidé kan tí a bá lè kó ogún ajá jọ, kí owó ọkọ̀ rẹ̀ lè pín sí i. Ajá ọdẹ, ajá ìgboro, Lhasa, cross, gbogbo wọn ló ń fẹ́. Ẹ̀yin ọmọ wa tó wà lókè òkun, owó abẹ́rẹ́ Snow tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún Màámi, ẹ fi ránṣẹ́ sí Màámi lọ́sẹ̀ yìí, kì í ṣe ẹ̀wọ̀n ọrùn mìíràn.

Orúkọ mẹ́rìnlá ló wà lọ́wọ́ mi títí di àárọ̀ òní, ti èmi ló ṣáájú. Ẹ kọ orúkọ ajá, ọjọ́ orí rẹ̀ àti agboolé yín ránṣẹ́ sí mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ "Bingo" nìkan. Bingo mẹ́rin ló ti wà níbẹ̀.